Àyè Tó Ṣófo Kì Í Ṣe Òdo

Ìtọ́kò,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Dúpẹ́ mi, Àṣàkẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Awakọ̀ tí o fi rán kò jẹ́ kí n bu omi fún òun, ó kàn na lẹ́tà àti búrẹ́dì sí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó sáré lọ. Búrẹ́dì náà ti di pẹlẹbẹ. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dùn. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Nígbà tó yá mo dìde, mo jó díẹ̀ nínú yàrá, títí eékún mi fi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àpápá! Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe mi.

O ní ilé-iṣẹ́ yín ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀ka wọn jọ sí ojú kan, ẹ sì ń pe ibẹ̀ ní wiàháòsì. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa ní Warehouse Road, ìrẹsì, ìyẹ̀fun àti panla là ń kó sí wiàháòsì, òórùn panla náà kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. Tiyín kò ní òórùn. Bóyá ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù.

Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yín gbé fún ọ ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. O ní wọ́n fẹ́ mọ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò lọ́mọ, kí wọ́n lè gba káàdì ìdílé ti ilé ìwòsàn padà lọ́wọ́ wọn. O ní àyè tó ṣófo pọ̀ níbi tó yẹ kí iye ọmọ wà, àmọ́ o ti fi NVL sọ gbogbo wọn di òdo, iṣẹ́ sì jáde wẹ́rẹ́. Ó ku kí ọ̀gá ti ìsinmi dé kí o kó o fún un. Dúpẹ́, jọ̀wọ́, má tíì kó o fún un. Kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán. Mo mọ̀ pé ó gùn. Mi ò kọ irú rẹ̀ sí ọ rí, mi ò sì rò pé n óò tún kọ irú rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò yìí.

O mọ̀ pé èmi náà gbọ́ èdè yẹn, èdè tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé èèyàn kò ní í la ọ̀nà fún un; ohun tí o fẹ́ nìkan ni wàá sọ, òun fúnra rẹ̀ á wá ọ̀nà. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n ti kọ́ mọ́ ọn láti ilé wá. COUNT á bá ọ kà á, SUM á rò ó pọ̀, AVG á pín in dọ́gba, ROUND á gé àjẹkù rẹ̀ kúrò, NVL á sì fi ohunkóhun tí o bá fún un dí àyè tó bá ṣófo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, inú mi dùn bí ìyàwó ilé tó rí ọmọ-ọ̀dọ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í rojọ́, wọn kì í jẹun, wọn kì í béèrè pé kí ló dé. Ibi tí wọn kì í ti í béèrè pé kí ló dé yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n mú ọ padà sí Amukoko, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo bí ọ, bàbá rẹ wà lórí omi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn atukọ̀, wọ́n sì lè lọ títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí ohùn wọn ṣe rí. Yàrá kan là ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, Ìyá Ràṣídì ló sì wà nínú èyí tó kọjú sí tiwa. Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Aránpò ni wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí ní Warehouse Road: bí àpò ìrẹsì tàbí ti ìyẹ̀fun bá ya, àwọn obìnrin tó ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán an. Àwọn ló gbọ́ pé ọ́fíìsì wọn ń wá ẹni tó mọ ìwé tẹ̀, àwọn ló sì sáré wá sọ fún mi. Mo ní ta ni yóò gbé Dúpẹ́? Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yìn mi ti kán ni?"

Ẹ̀yìn yẹn lo gùn dàgbà. Èmi á wà lókè nínú ọ́fíìsì tútù, ìwọ á wà nísàlẹ̀ láàárín àpò, ìyẹ̀fun á bò ọ́ lórí bí ẹja tí wọ́n fẹ́ dín. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ìyá Ràṣídì lo pè ní Màámi. Èmi, Ántí lo ń pè mí. Àwọn ará ilé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ó ń dùn mí díẹ̀. Ìgbà tí o wọ sẹ́kọ́ńdìrì lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mọ́mì. O lè má rántí mọ́. Èmi rántí.

Láti orí ìwé títẹ̀, wọ́n gbé mi lọ síbi tí a ti ń lu ihò sára káàdì tí kọ̀ǹpútà ń kà. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni mí níbẹ̀. Gèlè mi ga sí i lọ́dún yẹn, Dúpẹ́. Àwọn ènìyàn ń pè mí ní Màdáàmù Kọ̀ǹpútà, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Èkíní nínú àṣìṣe mi kéré. Máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ẹrù ń lò lọ́dọ̀ wa kí olówó rẹ̀ tó wá kó o. Mo ní kí kọ̀ǹpútà yọ ọjọ́ ìwọlé kúrò nínú ọjọ́ ìjáde, mo fi AVG lé e. Ìdáhùn tó mú wá dára, máníjà sì ń fi í yangàn lójú àwọn oníbàárà. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹrù tí kò tíì jáde kò ní ọjọ́ ìjáde, AVG kì í sì í wo ojú àyè tó ṣófo rárá. Àwọn ìrẹsì kan wà ní ẹ̀yìn ilé tí eku ti bímọ sí nínú. Wọn kò sí nínú ìṣirò mi. Ẹrù tó pẹ́ jù lọ gan-an ni mo yọ sílẹ̀, tí mo wá ń sọ pé ẹrù wa kì í pẹ́.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá fún ọ ní ìdáhùn, bi í léèrè ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ìdáhùn tó bá dùn jù ni kí o bi léèrè jù.

Èkejì, ROUND. Àwọn awakọ̀ tírélà ń ráhùn pé a ń dá wọn dúró jù lẹ́nu géètì. Mo kó àkókò wọn jọ, mo ní kí ROUND sọ gbogbo rẹ̀ di wákàtí odindi, kí ojú ìwé lè mọ́. Ẹni tí kò bá tíì lo ààbọ̀ wákàtí, ROUND á sọ tirẹ̀ di òdo. Awakọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Sunday, ará Malu Road. Nígbà tí wọ́n fi ìwé náà hàn án, ó wá bá mi ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní, "Madam Computer, all that sun wey beat me for gate, na zero? My head still dey hot o. Touch am, see." Ó tẹ orí sílẹ̀ lóòótọ́ kí n fọwọ́ kàn án. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo lọ tún un ṣe.

Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Kò kọ́ mi. Mo rò pé òdo kì í ṣe nǹkan kan, pé ẹni tí o bá kọ òdo fún kàn máa rẹ́rìn-ín ni.

Ó wá kan ẹ̀kẹta. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan kí n tó lè kọ ọ́, mo lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ọmọ mélòó lo ní. O mọ ilé wa: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá bi obìnrin ní Amukoko pé ọmọ mélòó ló ní, yóò ní Ọlọ́run ṣeun, tàbí kó ní wọ́n ń bẹ. Kò ní í na ìka sókè bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Mùsùlùmí ò ní í kà á, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ò ní í kà á. Nítorí náà àwọn kan fi àyè náà sílẹ̀, àwọn kan sì ní kí akọ̀wé bá àwọn kọ Ọlọ́run ṣeun sí i. Ẹ̀rọ kò gba Ọlọ́run ṣeun níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà. Nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, a fi àyè gbogbo wọn sílẹ̀ lófìfo. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Èmi kọ ení sí tèmi. Mo gbà pé ojú mi ti là.

Nígbà tó ṣe, ilé-iṣẹ́ ṣí ilé ìkẹ́rùsí tuntun sí Kánò, wọ́n sì fẹ́ kó lára àwọn aránpò àti agbálẹ̀ wa lọ síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní kí a kó àwọn tí kò lọ́mọ, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Ó ní kí n mú orúkọ wọn wá. Akínlàjà, ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti jáde lọ jẹun. Mo fẹ́ parí ẹ̀ kó tó dé.

Mo béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé àwọn wo ni iye ọmọ wọn jẹ́ òdo. Ó mú orúkọ àwọn ọmọbìnrin mélòó kan tí kò tíì lọ́kọ wá, ó dákẹ́. Máníjà dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ṣé àwọn yìí nìkan ni? Wọn ò mà tó." Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, sà." Mo kọ NVL sí i: bí àyè bá ṣófo, fi òdo sí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, orúkọ ń jáde, ó ń jáde. Máníjà ní, "Ẹ wo obìnrin yìí o!"

Dúpẹ́, ṣé o rí i? Kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ sọ òótọ́. Ó ní òun kò mọ̀ nípa àwọn tó kù. Èmi ni mo fipá mú un kó mọ̀.

Bí mo ṣe ń ya ìwé náà lára ẹ̀rọ, mo rí orúkọ Ìyá Ràṣídì. Mi ò ní í purọ́ fún ọ pé mi ò rí i. Mo rí i, òdo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n máníjà ti na ọwọ́, Akínlàjà ti ń wọlé bọ̀, ìyìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí kò tíì tutù lára mi. Mo sọ lọ́kàn pé wọ́n á rí i, wọ́n á tún un ṣe. Mo kó ìwé náà lé e lọ́wọ́.

Wọn kò tún un ṣe. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́nu géètì, orúkọ níbí, iye ọmọ lọ́hùn-ún. Àwọn tó mọ ìwé ń kà á fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ké láàárín èrò pé, "Ìyá Ràṣídì, wọ́n ní ẹ ò bímọ o! Ta ló wá bí Ràṣídì?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọn kò ní èrò ibi, ẹ̀rín Ajégúnlẹ̀ náà ni. Ìyá Ràṣídì kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan wà tí o kò mọ̀, torí a kì í sọ ọ́ lójú ọmọdé: wọ́n ti sin ọmọ rí kí wọ́n tó bí Ràṣídì. Ẹni tó ti ọ̀nà itẹ́ òkú bọ̀ lọ́wọ́ òfo kì í fẹ́ rí òdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ní gbangba, lójú gbogbo ayé.

Wọ́n wá bá mi ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibi tí Sunday ti ní kí n fọwọ́ kan orí òun náà ni. Abẹ́rẹ́ ìránpò ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ìyá Dúpẹ́, ta ló kọ nǹkan yẹn sí mi lára?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

"Kọ̀ǹpútà. Ṣé kọ̀ǹpútà mọ̀ mí ni?"

"Ẹ̀rọ ni, mà. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á bá ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀." Wọ́n padà sídìí àpò wọn.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, gbólóhùn yẹn ni mo kábàámọ̀ jù, pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Òdo yẹn, bóyá àìmọ̀kan wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Kò sí àìmọ̀kan nínú irọ́ yẹn. Obìnrin tó ní kí n lọ gba iṣẹ́, tó sọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ di ibùsùn ọmọ mi, òun ni mo fi ẹ̀rọ dí lójú. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Mo sọ tèmi, mo tún sá pamọ́ sẹ́yìn òkò.

Nígbà tí mo wá kó ìgboyà jọ tí mo lọ bá máníjà, ó ní ìwé ti lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Ó ní bí obìnrin náà bá lọ́mọ, kí ló dé tí kò kọ ọ́? Mo mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ọmọ Yorùbá lòun náà, ó mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, a ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ. Mo ní, "Ó dáa, sà," mo jáde.

Ilé-iṣẹ́ ní kí Ìyá Ràṣídì lọ sí Kánò, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò lè kó àwọn ọmọ lọ, wọn kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń rán tapólì tí a fi ń bo ẹrù fún àwọn onítírélà ní Malu Road fúngbà díẹ̀, oòrùn pa wọ́n dúdú. A ṣì jọ ń gbé inú ilé kan náà. Mo ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn, ìkíni náà kò sì ju ìkíni lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí Ìṣẹ́yìn, ilé bàbá wọn.

O ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ náà, o ní, "Ántí, Màámi dà?" Mo ní wọ́n rìnrìn àjò. O kò sunkún. O gbé àwo ìrẹsì rẹ, o lọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn tó wà ní títì, o jẹun níbẹ̀. O ṣe bẹ́ẹ̀ títí ayálégbé tuntun fi dé. Mi ò lè sọ fún ọ pé kí o dìde. Pẹ̀lú ẹnu wo?

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ọmọ mi. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ohun tí mo rí ṣe ni kí n kọ lẹ́tà sí ọ kí tìrẹ tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà gbọ́ mi. Yọ NVL yẹn kúrò. Kì í ṣe pé ó burú. Ó ní ibi tó wúlò. Bí ẹrù kò bá ní ẹ̀dínwó, o lè sọ pé òdo ni ẹ̀dínwó rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Àmọ́ kó o tó fi nǹkan dí àyè, kọ́kọ́ mọ ìdí tí àyè náà fi ṣófo. Àyè kan ṣófo torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òmíràn ṣófo torí a kò béèrè, òmíràn torí pé ẹni tí a bi kò fẹ́ sọ. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú tìrẹ, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láé.

Mú àwọn tí àyè wọn ṣófo jáde lọ́tọ̀, IS NULL á bá ọ ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà dìde lórí àga rẹ. Sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní í gbọ́. Má bi wọ́n pé ọmọ mélòó. Kí wọn dáadáa, béèrè pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n ń lo káàdì ilé ìwòsàn yẹn?" Wàá rí ìdáhùn gbà. Bí ọmọ kan bá ń gbóná, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì ní ìwé sọ pé ìyá rẹ̀ kò lọ́mọ, Dúpẹ́, níbo lo máa fi ojú sí?

Bí ọ̀gá rẹ bá ní iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù, sọ fún un pé o kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu, mo mọ̀, pàápàá lẹ́nu obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Èmi kò lè sọ ọ́ nígbà tèmi. Ìwọ sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé o ti ṣe àṣìṣe, má sọ pé kọ̀ǹpútà ni. Ẹnu tìrẹ lo fi béèrè, ìdáhùn tìrẹ ni.

Mo ti gbàgbé nọ́ńbà tí mo ka ìmọ̀ràn mi dé. Ó kù ẹyọ kan.

Mo gbọ́ pé Ràṣídì ti di panẹ́ẹ̀lì-bítà ní Malu Road, lẹ́yìn ibi tí àwọn onítírélà ti ń tún táyà ṣe, àti pé ìyá rẹ̀ ti padà wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́. Mo wá sí Èkó lẹ́yìn ìgbà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo gba iwájú òpópónà náà kọjá nínú ọkọ̀, mo gbójú sí òdìkejì. Ojú ń tì mí. Ibi iṣẹ́ rẹ kò jìnnà síbẹ̀. Mo fẹ́ kí o lọ. Má gbé ẹ̀bẹ̀ mi lọ, ẹ̀bẹ̀ mi ni kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn gbé lọ, n óò sì gbé e lọ bí o bá kọ̀wé sí mi pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ìwọ ṣáà lọ.

Mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù lọ sí Ìṣẹ́yìn, mo tẹ̀ lé wọn dé ìdí ọkọ̀. Mo ṣì ń wá ibi tí mo máa gbé ẹ̀bi lé. Mo ní, "Ìyá Ràṣídì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀? Ẹ̀ bá ti ní kí wọ́n kàn kọ nǹkan kan síbẹ̀." Mo ti rò pé wọ́n á ní a kì í ka ọmọ.

Wọ́n gbé ẹrù orí wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Akọ̀wé ní mélòó, mo la ẹnu. Dúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ó ń fà mí láṣọ pé ebi ń pa òun. Bí mo bá kà á mọ́ ọn, wọ́n á ní mo gba ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá yọ ọ́, ṣebí ojú ẹ̀ ló máa ṣe? Mo ní kí akọ̀wé fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Inú àyè tó ṣófo yẹn ni o wà, Dúpẹ́. Èmi tí mo bí ọ ni mo tẹ òdo lé ọ lórí.

Lọ kí wọn, ọmọ mi. Mú ìrẹsì dání. Bí o bá kan ilẹ̀kùn tí wọ́n bá béèrè láti inú ilé pé ta nìyẹn, má dárúkọ mi. Pè wọ́n bí o ṣe máa ń pè wọ́n.

Èmi ni,
Ántí rẹ.